Ewé Kọkànlélọ́gọ́ta

Ìbíyínká Dáramọ́lá ń dín àkàrà ní Ọ̀kà, ní iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò ní kíláàsì kejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ó lò ní kíláàsì náà. Ìyá rẹ̀ bí ìbejì, wọ́n ní kí ó wá máa pọn ọ̀kan. Ọjọ́ kejì tí wọ́n yọ ọ́ ni ìbá kàn án láti dúró níwájú kíláàsì kí ó kàwé sókè. Ẹlòmíràn ló kà á. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ìbíyínká ṣì mọ orúkọ ẹni náà, ó sì ní kò kà á dáadáa.

Ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì kí ó tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹ̀kọ́ àgbà. Káàdì ilé ìwòsàn ló fà á. Ó fi han ènìyàn mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ka ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún un. Ó ní ó tó. Ọdún méjì ni ó fi kọ́ ọ. Nísinsìnyí ó lè ka Yorùbá, bí ẹnikẹ́ni kò bá kán an lójú.

Nusrat ń ta ẹ̀kọ gbígbóná ní apá ọ̀tún rẹ̀. Ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún kéré sí i, ẹ̀gbọ́n ni ó ń pè é. Èmi ń ran bàtà ní apá òsì. Ẹsẹ̀ bàtà méje ni ó wà láàrin bẹ́ǹṣì mi àti agbada rẹ̀. Mo ti wọ̀n ọ́n.

Ìwé ni a fi ń di àkàrà. Ọjà Ìkàrẹ́ ni Ìbíyínká ti ń rà á: ìwé ìròyìn, ìwé ìdánwò, ìwé àwọn ọmọ yunifásítì Àkùngbá tí wọ́n ti kàwé tán. Orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń tà á. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kì í fi kún ìwúwo rẹ̀.

Obìnrin yìí ní òfin kan. Kì í fi ìwé tí kò tí ì kà di àkàrà fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá, yóò kà á. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, yóò wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò ní òun kò rí ohun tó burú níbẹ̀, yóò sì ya á. Ìwé tí kò bá tí ì kà kì í dé ìtòsí agbada. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sì dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù Kejì, ó rí ìwé ìtàn Yorùbá kan nínú ẹrù tó rà. Èèpo rẹ̀ ti já, orúkọ rẹ̀ sì bá èèpo lọ. Ewé mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ìtàn opó kan ni, Wúràọlá lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ń fẹ́ ẹ: awakọ̀ lọ́rì kan, bíríkìlà kan, tíṣà kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà sí i. Wúràọlá kò mọ̀wé. Ẹni tó bá gbé lẹ́tà fún ni yóò kà á fún un, oníkálukú sì ń kà á bí ó ṣe wù ú.

Ìbíyínká bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewé kan lójúmọ́. Kí epo tó gbóná, yóò ti ka ojú méjèèjì sókè. Lẹ́yìn náà yóò ya ewé náà, yóò fi di àkàrà ẹni tó kọ́kọ́ dé. Nígbà tó fi dé ewé kẹsàn-án, ènìyàn mọ́kànlá ń dúró gbọ́. Nígbà tó fi dé ewé ọgbọ̀n, wọ́n di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àwọn kan nínú wọn kò fẹ́ràn àkàrà rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ń rà á, nítorí Ìbíyínká kì í la ẹnu fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Ìlú pín sí mẹ́ta. Zachariah tó jẹ́ bíríkìlà ní bíríkìlà ni Wúràọlá yóò fẹ́. Hussain tó ń wa ọkọ̀ láti Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́ ní kí Zachariah lọ jókòó.

"Bíríkìlà wo? Ìwọ tí o ń kọ́lé fún gbogbo ayé, ilé tìrẹ ti ní òrùlé?"

"Ó sàn ju ọkọ̀ tí a ń tì kí ó tó lọ," ni Zachariah wí.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ tì í!"

"Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́."

Tíṣà Fúnminíyì, obìnrin tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún, kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a mọ ibi tó wà. Òun ló wá bá Ìbíyínká ní àárọ̀ ọjọ́ tó ka ewé kẹtàdínláàádọ́ta.

"Màmá, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí ni ọjọ́ ìwé. Gbogbo ayé ló ń ṣe é."

"Gbogbo ayé? Títí kan Ọ̀kà?"

"Ọ̀kà wà nínú ayé, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ka ìyókù. Ẹ fi pamọ́ títí di ọjọ́ náà. Ẹ wá ka ìparí rẹ̀ fún àwọn ọmọ."

"Níbo?"

"Nínú kíláàsì. Níwájú."

Àkàrà mẹ́rin jóná nínú agbada. Ìbíyínká kò jẹ́ kí àkàrà jóná rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"N ó kà á," ni ó wí.

Ewé mẹ́rìnlá ló kù. Ó tò wọ́n léra, ó fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ó kó àwọn ìwé ìròyìn lé e lórí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pè é láti Arigidi pé Ọdúnayọ̀ ọmọ rẹ̀ ti bímọ. Ó sáré wọ ọkọ̀. Ó ké sí Nusrat láti ojú fèrèsé pé kí ó bá òun dín àkàrà títí òun yóò fi dé. Kò sọ̀rọ̀ nípa ìwé.

Ó lọ ní Sátidé, ó dé ní Ọjọ́rú. Ó kí wa, ó ní ọmọ náà jọ bàbá rẹ̀ ṣùgbọ́n yóò yí padà. Lẹ́yìn náà ó wo inú apẹ̀rẹ̀.

"Nusrat."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwé tó wà nísàlẹ̀ dà?"

"Mo ti fi di àkàrà. Ọjà yá gan-an, ẹ̀gbọ́n! Ìwé ìròyìn tán ní ọjọ́ Ajé."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"N kò tí ì kà á!"

Nusrat ju ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, nítòsí agbada ni mo ti rí i! Ẹ̀yin lẹ ní ìwé tí ẹ kò bá tí ì kà kì í dé ibẹ̀."

Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Òfin náà ló tẹ̀ lé.

Ìbíyínká jókòó. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù. Ó ní bí òun kò bá rí ìwé náà, òun yóò lọ sọ fún Tíṣà pé òun kò wá mọ́, nítorí òun kò ní dúró níwájú kíláàsì yẹn kí òun tún má kàwé. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Mo ti sọ pé Nusrat kò jẹ̀bi. Ó tún ní ohun kan tí àwa yòókù kò ní: kì í gbàgbé ẹni tó ra nǹkan. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn oníbàárà ọjọ́ mẹ́ta bí ẹni ń rọ́ àlá tó lá. Àkàrà mẹ́fà, obìnrin tó ń lọ ata. Àkàrà mẹ́jọ, ọkùnrin Òkè-Àgbè tó wọ kóòtù nínú ooru. Àkàrà mẹ́ta, Zachariah. Àkàrà mẹ́ta, Zachariah. Àkàrà mẹ́ta, Zachariah.

Zachariah ń kọjá lọ. Etí ìwé ń yọ lábẹ́ fìlà rẹ̀, a ní kí ó ṣí i. Ewé mẹ́ta wà níbẹ̀.

"Mo rí orúkọ Wúràọlá lára rẹ̀," ni ó wí. "Mo rò pé ẹ̀bùn ni."

"O sì kà á?"

"Mo ń kà á lọ. Mo ti dé ìlà kẹrin."

Bí ìwákiri ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ewé méjì wà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń lọ ata, ata ti ta sí i. Mẹ́rin wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Àkùngbá, wọ́n ti há wọn mọ́ ara ògiri, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lórí èyí tó ṣáájú. Ọkùnrin Òkè-Àgbè ti ká tirẹ̀ sí abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan tó ń mì. Ìbíyínká mú ègé igi kékeré lọ láti fi pààrọ̀ rẹ̀. Mẹ́ta wà ní ilé Nusrat, òun náà ti jẹ nínú àkàrà náà. Ìbíyínká rìn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ran bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọ̀sẹ̀ náà. Kò ka ọ̀kankan nínú àwọn ewé tó rí. Ó ní òun yóò kà wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn, níbi tí òun ti ṣèlérí.

Mẹ́tàlá pé. Èyí tó kù ni ewé kọkànlélọ́gọ́ta, ìparí rẹ̀.

Nusrat mọ ẹni tó mú un. A lọ bá a ní ìdí ọkọ̀ rẹ̀. "Ìwọ ni, Hussain. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àkàrà ogún. Ìwé tó mọ́ jù ni mo fi dì í fún ọ, ìdajì ojú kan kò ní nǹkan kan lára."

"Àkàrà ni mo jẹ, Nusrat," ni Hussain wí. "Mi ò jẹ ìwé."

"O ti sọ ọ́ nù ni?"

"Orí àga ni mo fi sí. Lẹ́yìn náà, mi ò mọ̀ mọ́."

"Ó fi pamọ́ ni," ni Zachariah wí. "Ó ti mọ̀ pé bíríkìlà ni Wúràọlá fẹ́."

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀? Ṣé mo mọ̀wé ni?"

A tú ọkọ̀ náà. A yọ àga ẹ̀yìn jáde. A rí sálúbàtà méjì, ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. A rí ìyarun kan, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà kan, àti ẹ̀pà kan tó ti ń hù. A kò rí ìwé. Gíláàsì ẹ̀yìn lápá òsì ti fọ́, wọ́n ti lẹ nǹkan dí ihò rẹ̀, ẹrẹ̀ pupa ti bò ó lóde, kọ́tìnì sì bò ó nínú. Zachariah fara ti ibẹ̀ nígbà tí a ń wá inú àga. Ó ní kò sí ìwé nínú ọkọ̀ yìí, àfi bí ọkọ̀ náà bá ti kà á tán tó sì gbé e mì.

Ìbíyínká fẹ́ lọ sọ fún Tíṣà pé òun kò wá mọ́. Ó dé ẹnu géètì, ó padà. Ó ní òun yóò ka èyí tó wà lọ́wọ́ òun.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, òjò rọ̀ láti ìdájí títí di aago mẹ́jọ àárọ̀. Ní aago mẹ́wàá, Ìbíyínká wọ kíláàsì karùn-ún. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ó wọ̀, ṣùgbọ́n òórùn epo ń tẹ̀ lé e. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló jókòó. Àwa àgbà dúró ní ojú fèrèsé. Zachariah wà níbẹ̀. Nusrat ti gbé agbada kalẹ̀, ó wá. Hussain ní òun kò lè dúró, òun ní èrò nínú ọkọ̀, lẹ́yìn náà ó pa ọkọ̀ sí ẹnu géètì, ó sì dúró.

Ó fi ẹnu sọ bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé sókè. Ìka rẹ̀ ni ó fi ń tọ ìlà. Níbi tí epo ti mú kí ọ̀rọ̀ ojú kejì hàn, ó ń gbé e kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ kí ó tó kà á. Níbi tí ata ta sí, ó sín, àwọn ọmọ rò pé Wúràọlá ló sín, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó kà á fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó bèèrè àtijáde, àní ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní tó wọlé lọ́nà àìtọ́.

Ó dé ìparí ewé ọgọ́ta. "Wúràọlá pe àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí iwájú ilé. Ó kó lẹ́tà wọn dání. Ó ní..."

Ó gbé ìwé náà kalẹ̀.

"Ó ní kí ni?" Àwọn ọmọ ló pariwo.

"Ibẹ̀ ló parí sí lọ́wọ́ mi."

Tíṣà Fúnminíyì dìde kíá. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màmá!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́," ni Ìbíyínká wí. "N kò tí ì kà á tán."

Ó ká ìwé rẹ̀, ó jáde. Ó ń rìn lọ sí ẹnu géètì, kò wo ẹnì kankan. Tíṣà tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ tẹ̀ lé Tíṣà. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Hussain. Ó rin ìgbésẹ̀ mẹ́ta síwájú, ó dúró, ó rin ìgbésẹ̀ mẹ́ta náà padà sẹ́yìn.

Òjò ti fọ ẹrẹ̀ gíláàsì náà kúrò. Ìwé ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù fífẹ̀ bò ó láti etí dé etí, omi kò wọ inú rẹ̀.

"Hussain, ta ló lẹ gíláàsì yìí?"

"Ọkùnrin kan ní gárééjì Ìkàrẹ́. Òkúta ló fọ́ ọ ní ọ̀nà Àkùngbá. Mo ní kí ó mú ohunkóhun tó bá rí nínú ọkọ̀ fi dí i." Ó tẹjú mọ́ gíláàsì náà. "Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun nìyẹn."

"Mo ti ń gbé e lọ, mo ń gbé e bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án!"

Nusrat fi ọwọ́ lu orí. Zachariah wo èjìká tó fi fara ti ibẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lè ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbíyínká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka sórí gíláàsì, ó kà á sókè. Wúràọlá ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wúràọlá di ẹrù rẹ̀. Wúràọlá jáde sí títì, ó gun lọ́rì, ó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

Hussain fò sókè. Ó gba fìlà lórí Zachariah, ó fi ń jó. "Mo sọ fún yín! Ṣé mi ò sọ fún yín ni? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀!"

"Ẹ yí ojú kejì!" ni Zachariah ń ké. "Màmá, ẹ yí ojú kejì!"

Kò ṣeé yí. Ara gíláàsì ló wà. Inú ọkọ̀ ni ojú kejì kọ sí, ìyá kan tó ń lọ sí Ìkàrẹ́ sì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án, ó gbé abọ́ ọsàn lé itan.

"Mi ò sọ̀kalẹ̀," ni ìyá náà wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbí. Awakọ̀, ṣé a ó lọ ni, àbí ìwé la ó máa kà?"

"Ẹ bá wa kà á láti ibẹ̀, Màmá," ni Tíṣà wí.

Ìyá náà gbé kọ́tìnì kúrò, ó yíjú sí gíláàsì. Ó wò ó pẹ́. "Mi ò mú awò ojú mi wá."

"Ẹ sọ̀kalẹ̀ nígbà náà."

"Ó gun ọkọ̀ awakọ̀ lóòótọ́?"

"Ó gùn ún."

"Ó mà ṣe o. Awakọ̀!" Ó gbé abọ́ ọsàn rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. "Ẹ yára kà á kí n gbọ́."

Ìbíyínká wọlé, ó jókòó. Àwọn ọmọ kún ojú fèrèsé yòókù àti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ dúdú kedere. Ó kà á láìfi ìka tọ ọ́.

Ọkọ̀ dé ìlú kejì. Wúràọlá ní kí awakọ̀ dúró ní iwájú ilé ẹ̀kọ́ kan. Awakọ̀ ní kí ló dé. Wúràọlá ní: "Nítorí pé ọ̀nà rẹ ló gba ibi tí mò ń lọ ni mo ṣe bá ọ wá. Lẹ́tà ẹ̀yin mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ ohun tí ẹnì kankan nínú yín kọ. Èmi ni n ó kà á. Nígbà tí mo bá kà á tán, ẹni tí mo bá fẹ́, n ó kọ̀wé sí i." Ó sọ̀kalẹ̀.

Ìyókù ojú ewé náà jẹ́ funfun.

Àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ hó. Hussain kò jó mọ́. Ó dá fìlà Zachariah padà.

"Èwo wá ni ó fẹ́?" ni Zachariah bèèrè.

"Kò tí ì kà á," ni Nusrat wí.

"Ó gun ọkọ̀ mi ṣá," ni Hussain wí.

"Ó sọ̀kalẹ̀."

"Ó gùn ún kí ó tó sọ̀kalẹ̀!"

Ìyá ọlọ́sàn ní òun mọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀, pé tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìlú kejì náà ni yóò padà fẹ́. Tíṣà Fúnminíyì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ ní kí Màmá tún un kà. Ó tún un kà. Wọ́n ní kí ó tún un kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ mẹ́rin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé sì ń bá a kà á pọ̀, ọ̀kan nínú wọn yára jù ú lọ.

Hussain tẹrí ba sí ojú fèrèsé. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

"Màmá Ọdúnayọ̀, ẹ̀kọ́ àgbà tí ẹ lọ yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń ṣe é?"

"Ìwọ?"

"Mo kàn bèèrè ni. Ìwé gun ọkọ̀ mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sọ fún mi."

"Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Aago mẹ́rin. Mú pẹ́ńsù dání, wọn kì í yáni."

Tíṣà ní òun fẹ́ yọ ewé náà, kí òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kíláàsì. Hussain ní òjò yóò máa rọ̀ sí èrò òun lára. Ìyá ọlọ́sàn ní bí wọ́n bá yọ ọ́, òun kò gun ọkọ̀ náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo Ìbíyínká.

"Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí àwọn ará Ìkàrẹ́ náà kà á."

Ó ní epo òun wà nílẹ̀ láti àárọ̀, ẹ̀wà lílọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kan. Ó mú ewé mẹ́tàlá yòókù, ó kó wọn lé Tíṣà lọ́wọ́. Ó dìde lórí àga, ó tẹrí sílẹ̀ kí gèlè rẹ̀ má baà kan òrùlé ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi etí ìró nu ibi tí ìka rẹ̀ ti kan gíláàsì lóde, ó sì lọ.